Ta la bi? Bí a ṣe ń fi ìdíyelé ọ̀dọ́langba wé ti àgbà lórí ìlera ọmọdé

Bí egungun bá ń ro ọmọ kan tó jẹ́ SS, tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀, èwo nínú méjèèjì ló burú jù? Àgbà á máa tẹ̀ sí ìrora, ọ̀dọ́langba á máa tẹ̀ sí ti ọkàn. Ní Australia, níbi tí wọ́n ti fi CHU9D, ìwé ìbéèrè lórí ìlera ọmọdé, bi àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 àti àgbà, ibi tó yọrí sí nìyẹn: àwọn ọmọ ka àìbalẹ̀ ọkàn, ìbànújẹ́ àti ìbínú sí ju bí àgbà ṣe kà á sí lọ, àgbà sì ka ìrora tó le sí ju tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Iye tí a bá dá lé ipò ìlera kan la máa ń fi sọ iye ọdún tí ọmọ lò níbẹ̀ di púpọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú kan tó owó tí wọ́n fẹ́ ná lé e; ohun tó bá jáde níbẹ̀ la ń pè ní ọdún ìlera. 1 ni ìlera pípé, 0 ni ipò tó bá ikú dọ́gba, ó sì lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹni tí a bá bi ló máa sọ ibi tí iye náà bọ́ sí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ni tàbí nọ́ọ̀sì tó ń ṣèwádìí, ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni pé ohun púpọ̀ máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ní kí àgbà ro ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní kí ọ̀dọ́langba ro ara rẹ̀. Wọ́n á ka ìbéèrè sí àgbà létí, wọ́n á gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá wá jáde, kò sẹ́ni tó mọ ojú ọ̀nà tó gbà wọlé.

Irinṣẹ́ wo?

Méjì ló wọ́pọ̀. CHU9D, tí Katherine Stevens ṣe ní Yunifásítì Sheffield, ní ohun mẹ́sàn-án, ìpele márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ipò tó lè ti ibẹ̀ jáde jẹ́ 1,953,125. EQ-5D-Y-3L ti ẹgbẹ́ EuroQol ní ohun márùn-ún péré: rírìn kiri, ìtọ́jú ara ẹni bí ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀, ìṣe ojoojúmọ́, ìrora tàbí ara tí kò rọni lọ́rùn, àti ọkàn tí kò balẹ̀ tàbí inú tó bàjẹ́. Ìpele mẹ́ta-mẹ́ta ni: kò sí ìṣòro, ó wà díẹ̀, ó pọ̀ gan-an. Ipò 243 ló máa fún wa, nọ́ńbà márùn-ún la sì fi ń kọ wọ́n. 11111 ni ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe. 33333 ló burú jù. 11231 ni ọmọ tó ń rìn, tó ń tọ́jú ara rẹ̀, àmọ́ tí ìṣe ojoojúmọ́ ń nira fún díẹ̀, tí ìrora rẹ̀ pọ̀ gan-an, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, EQ-5D-Y-3L ni kó mú. Gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kó o tó tẹ ohunkóhun jáde, kó o sì bi wọ́n bóyá ẹ̀dà Yorùbá tó bá iṣẹ́ rẹ mu wà lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ tí a máa gbé fún ènìyàn ni yíyàn láàárín méjì: káàdì A ní ipò kan, káàdì B ní òmíràn, èwo ló sàn? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú rẹ̀ tó ẹnì kan. Jẹ́ kí ohun méjì nínú márùn-ún bára mu lórí káàdì méjèèjì, kí o sì fi àwọ̀ yíyọ tẹ àwọn mẹ́ta tó yàtọ̀. Bí gbogbo márààrún bá yàtọ̀, ọmọ ọdún 12 á kàn wo ìlà àkọ́kọ́ á sì yàn.

Ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì, àgbà àti ọ̀dọ́langba, kò tó. Mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni àgbà tó ń ro ọmọ ọdún mẹ́wàá kan. Ìkejì ni ọ̀dọ́langba tó ń ro ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an. Ìkẹta ni ọ̀dọ́langba tó ń ro ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ìkíní àti ìkejì, ti ẹni tó ń dáhùn ni. Ìyàtọ̀ láàárín ìkejì àti ìkẹta, ti ẹni tí wọ́n ń rò ni. Bí ẹ bá fo ìkejì, àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, ìṣirò kankan ò sì lè yà wọ́n mọ́. Ẹ ṣẹ́ kèké láti mọ ọmọ tó máa wà ní ìkejì àti èyí tó máa wà ní ìkẹta. Ẹ má ṣe fi ìkejì fún iléèwé kan kẹ́ ẹ fi ìkẹta fún òmíràn.

Ènìyàn mélòó la máa bi? Ìlànà Orme, tí wọ́n fi ń mọ iye ènìyàn tó yẹ, ṣeé fọwọ́ ṣe: fi 500 sọ ìpele tó pọ̀ jù di púpọ̀, kó o fi iye yíyàn tí a sọ di ìlọ́po méjì pín in. 500 lọ́nà 3 jẹ́ 1500. 15 lọ́nà 2 jẹ́ 30. Fi 30 pín 1500, ó jẹ́ 50. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ dín ní 50. Àmọ́ èyí kàn tó láti rí ẹgbẹ́ kan fúnra rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ máa ń kéré, nítorí náà 200 sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń dámọ̀ràn.

Ibi tí Yorùbá ti ń dẹ pàkúté

Ẹni méjì ni kó túmọ̀ ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kẹta á pa á pọ̀, ẹnì kẹrin tí kò rí ti àkọ́kọ́ rí á túmọ̀ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á fún ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá àti àgbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí làwọn ènìyàn máa ń fò, ibẹ̀ sì ni gbogbo àṣìṣe wà.

Ẹ wo "dùn". "Ẹsẹ̀ ń dùn mí" jẹ́ ìrora ara. "Ọ̀rọ̀ náà dùn mí" jẹ́ ti ọkàn. "Inú mi dùn" sì jẹ́ ayọ̀! Bí ìlà ìrora bá lo "ó ń dùn mí" láìdárúkọ ara, ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú lánàá lè mú un síbẹ̀, ìrora á wá wúwo nítorí ìbànújẹ́. "Ara ríro" tàbí "ìrora nínú ara" ló ṣe tààrà.

"Ó rẹ̀ mí" náà ńkọ́? Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ń lo CHU9D, tó ní ìlà tirẹ̀ fún rírẹ̀, gbọ́dọ̀ fi ohun kan tì í: "ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekára". "Ronú" tún wà. Àgbà tó ní "mò ń ronú" ń sọ pé ìdààmú bá òun. Ọmọ iléèwé gbọ́ ọ bí ohun tí tíṣà ní kó ṣe. "Ọkàn mi ò balẹ̀" yé àwọn méjèèjì.

Ti ìpele, kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré, da wọ́n rú, kí o ní kí ọmọ tò ó láti orí èyí tó kéré jù. Mẹ́ta kì í dàrú. Márùn-ún máa ń dàrú, pàápàá láàárín "díẹ̀" àti "díẹ̀ kín-ún". Bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá tò wọ́n lódì, ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà kẹ́ ẹ tó jáde lọ sígboro.

Lójú ọ̀nà

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kẹ́ ẹ sì gba ti iléèwé. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òbí á fọwọ́ sí i, ọmọ náà á sì gbà fúnra rẹ̀. Bí òbí bá gbà tí ọmọ kọ̀, ó ti kọ̀ nìyẹn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ló pín ìlú mọ́ra wọn, ẹ mú nínú méjèèjì. Ẹ mú iléèwé ìjọba àti ti aládàáni, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, mẹkáníìkì àti aláàdìrẹ. "Ìṣe ojoojúmọ́" tiwọn kì í ṣe iléèwé. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì. Àlejò á pọ̀ lọ́jà débi pé ẹ ò ní mọ ará ìlú tẹ́ ẹ bi.

Ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ fi bi gbogbo wọn. Nítorí pé àgbà mìíràn ò ní lè kàwé, ẹ ka káàdì sókè fún tọmọdé tàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ kọ èyí tí wọ́n yàn sílẹ̀.

Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà níyàn. Bí àǹtí bá dúró níwájú rẹ̀ tó sì na ọwọ́ sí A, "A ni, mà" lá máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga kan náà, kó káàdì sí i lọ́wọ́, kó fúnra rẹ̀ gbé èyí tó sàn sínú páálí. Kí òbí wà níbi tó ti lè rí ọmọ, kó má gbọ́ ohun tó ń sọ. Kí káàdì A wà lápá òsì fún ìdajì wọn, kó wà lápá ọ̀tún fún ìdajì.

Ẹ fi ìbéèrè kẹrìndínlógún tí ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba sí i, 11111 àti 22322. Ẹni tó bá ṣì í, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú rẹ̀ àti láìsí i.

Ọ̀rọ̀ ikú

Yíyàn láàárín méjì ń sọ ohun tó burú ju òmíràn lọ, kò sọ ibi tí ikú wà. Kí iye tó lè bọ́ sórí òṣùwọ̀n 0 sí 1, àwọn àgbà kan á ní láti fi ọdún ṣe pàṣípààrọ̀: bí ọdún 7 nínú ìlera pípé bá dọ́gba pẹ̀lú ọdún 10 nínú ipò yìí, iye rẹ̀ jẹ́ 0.7. Ẹ má bi ọmọdé ní èyí.

Àgbà pàápàá, kò rọrùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. Kì í ṣe tiyín o, a ò sì gbàdúrà ẹ̀." Ẹ ó ṣì gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yọ ọdún kan nínú ọjọ́ orí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí iye tí àgbà ń dá lé ipò ọmọdé fi máa ń ga ju iye tí wọ́n ń dá lé ipò kan náà fún àgbà. Ẹni tó kọ̀ láti yọ ọdún nítorí èèwọ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ẹni tó rò pé ipò náà kò burú.

Ìṣirò

Conditional logit, ìṣirò tó ń ti inú yíyàn àwọn ènìyàn fi nọ́ńbà sọ bí ìṣòro kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó lójú wọn, ni ẹ ó lò, nínú R tàbí Stata tí í ṣe ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n to nọ́ńbà ẹgbẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n sì sọ pé ti ọmọ kéré. Ọ̀dọ́langba máa ń ṣe ségesège nínú yíyàn ju àgbà lọ, ségesège yìí sì máa ń fún gbogbo nọ́ńbà wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ wò ó, fún ìpele 3. Ká ní ti àgbà jẹ́ rírìn 0.6, ìtọ́jú ara 0.5, ìṣe ojoojúmọ́ 0.7, ìrora 2.0, ọkàn 1.2, àpapọ̀ 5.0. Ká ní ti ọmọ jẹ́ 0.4, 0.3, 0.5, 1.0, 0.8, àpapọ̀ 3.0. Lójú lásán, ọkàn kéré lọ́dọ̀ ọmọ, 0.8 sí 1.2. Fi àpapọ̀ pín in: ti àgbà jẹ́ 24%, ti ọmọ jẹ́ 27%. Ìrora jẹ́ 40% lọ́dọ̀ àgbà, 33% lọ́dọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá.

Bí pàṣípààrọ̀ ọdún bá sọ pé 33333 jẹ́ -0.1, àyè láti orí 1 dé ibẹ̀ jẹ́ 1.1, ìdá tí a rí yẹn la sì fi pín in. Ọkàn tó bàjẹ́ gan-an nìkan á yọ 0.26 lọ́dọ̀ àgbà, 0.29 lọ́dọ̀ ọmọ. Ìtọ́jú tó mú un kúrò fún ọdún 10 gba ọdún ìlera 2.6 tàbí 2.9 padà. Fún ìrora, 4.4 ni tàbí 3.7.

Ẹ rántí pé -0.1 yẹn, ẹnu àgbà ló ti wá, a sì ti lò ó fún ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín gbangba, kẹ́ ẹ fi -0.3 àti 0.1 tún un ṣe, kí òǹkàwé rí bí èsì ṣe ń yí.