Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Ní Ìwà Ọmọlúàbí Lórí Pápá

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, agbára káká ni a fi lè rí pápá ilé-ìwé kan n'Ìbàdàn, láti Àpáta títí dé Mọ́níyà, tí àwọn ọmọdé kò ní máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Àwọn kóòṣì tó ń kọ́ wọn a máa lo wákàtí kan gbáko lórí bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ àti bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yóò ṣe nígbà tí rẹfirí bá dájọ́ òdì, tàbí nígbà tí ẹni tó ta á lẹ́sẹ̀ bá tún fi í rẹ́rìn-ín, wọn kì í kọ́ ọ títí ìjà yóò fi ṣẹlẹ̀. Ìwàásù lẹ́yìn ìjà kò wúlò púpọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ní sùúrù lórí pápá, ìgbà ìdánrawò ni a ó ti jẹ́ kí sùúrù náà mọ́ ọn lára, àwa àgbà tó yí i ká ni a ó sì kọ́kọ́ tún ìwà tiwa ṣe.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì tó bá sọ fún ọmọ ọdún 15 pé kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 12 kí wọ́n lè gba ife ti kọ́ ọ ní èrú kó tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìwà rere tí yóò sọ lẹ́yìn náà tí yóò wọ ọmọ náà létí. Orílẹ̀-èdè yìí ti jìyà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gba ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991, èyí tí ó yẹ kí a gbàlejò rẹ̀, lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún Pọ́túgàl. Ó di 1999 kí ìdíje náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sì gbá lára rẹ̀ n'Ìbàdàn níhìn-ín, ní pápá ìṣeré Liberty tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ sì wáyé ní Nàìjíríà ní 2009, ẹ̀rọ MRI ni FIFA fi ya àwòrán eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti mọ ẹni tó ti dàgbà jù. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní pápá àdúgbò. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́wọ́ òbí ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ sì bá kóòṣì ẹgbẹ́ kejì ṣe àdéhùn pé ẹ ó jọ yẹ ìwé wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ti dàgbà jù, ẹ sọ ìdí tí kò fi ní gbá fún òun fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fún un níṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù. Ẹni tó bá ti dúró létí pápá rí yóò ti gbọ́ kí ìyá kan máa pariwo sí ọmọ rẹ̀ pé, "Ta á lẹ́sẹ̀! Ṣé o ò rí i ni?", kí bàbá kan sì máa bi rẹfirí, ọmọ ogún ọdún tí wọ́n fún ní owó ọkọ̀ lásán, bóyá ojú rẹ̀ fọ́ ni. Ẹ pe àwọn òbí jọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ eré, kí ẹ sì bá wọn sọ ohun mẹ́ta péré: kóòṣì nìkan ni yóò máa darí ọmọ láti etí pápá, ẹgbẹ́ méjèèjì ni a ó máa pàtẹ́wọ́ fún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Kí gbogbo òbí dúró sí apá kan pápá, kí kóòṣì àti àwọn ọmọ wà ní apá kejì. Okùn tí a bá ta sí mítà méjì lẹ́yìn ìlà máa ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣe.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kọ òfin kì í rántí: kóòṣì wa sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí sí àwọn òbí. Ọmọkùnrin ọdún 25 kò lè nàka sí Bàbá Múyìídeen láàárín èrò pé kó panu mọ́. Bó bá dán an wò, ìjà mìíràn ló dá sílẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan láàárín àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà létí àwọn yòókù, kí ó jẹ́ òun ni yóò lọ dúró ti ẹni tó ń pariwo, tí yóò sì rọra sọ pé, "Bàbá Múyìídeen, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu yín ni ọmọ yín ń wò." Kóòṣì lè wá bá a lẹ́yìn eré, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ bó bá yẹ, níbi tí ọmọ kò ti ní gbọ́. Mo ti rí bàbá tó ń bú èèyàn kí eré tó dé ìdajì, tó sì ń pín omi inú ọ̀rá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì nígbà tí wọ́n padà wọlé, nítorí pé ẹnì kan fún un níṣẹ́ ṣe.

Nígbà ìdánrawò, ohun tí mo gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ fi fèrè lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ pín wọn sí méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbá mọ́ńkẹ́ pósì ládùúgbò, kí ẹ sì pe ọmọ tó máa ń bá rẹfirí jiyàn jù lọ pé kó wá fọn fèrè fún ìṣẹ́jú 10. Kò ní pẹ́ tí bọ́ọ̀lù yóò fi ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ lọ́wọ́. Apá kan yóò kígbe pé "Ọwọ́!", apá kejì yóò ní "Kò kàn án!", fèrè yóò wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní lè fọn ún, ojú rẹ̀ yóò sì máa lọ sọ́tùn-ún, sósì. Ẹ má gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, kí eré sì máa lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, àti ohun tí ariwo mú kó rò pé òun rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí kóòṣì fúnra rẹ̀ fọn fèrè, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dájọ́ òdì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn tó bá ti kìlọ̀ fún wọn pé irú rẹ̀ yóò wáyé láìsọ ìgbà tí yóò jẹ́. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ padà sí ààyè wọn láìsọ̀rọ̀ ni kí ó gba àmì kan. Balógun ikọ̀ nìkan ló lè béèrè àlàyé, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Òfin yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan: ní ìdíje Euro 2024, UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, pàṣẹ pé balógun ikọ̀ nìkan ni kí ó máa lọ bá rẹfirí láti béèrè ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn tó bá sáré lọ bá a sì lè gba káàdì yẹ́lò.

Káàdì pàápàá ní iye tí ọmọdé lè kà. Ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, àmì mẹ́rin-mẹ́rin ni Jàpáànì àti Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà, ní. Ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì gbá wọlé wọn. Ọ̀mì 2-2 ni wọ́n gbá láàárín ara wọn. Káàdì yẹ́lò ni wọ́n wá kà: Jàpáànì ní mẹ́rin, Sẹ̀nẹ̀gàl ní mẹ́fà, Sẹ̀nẹ̀gàl sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ iye wọ̀nyí sórí pátákó, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ohun tó ya orílẹ̀-èdè méjèèjì. Bí ẹ bá ń ṣètò ìdíje àdúgbò, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé bí àmì bá dọ́gba, káàdì ni a ó kọ́kọ́ kà, ṣáájú ayò. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àṣà fífún ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ní ẹ̀bùn ìwà rere bí ẹni ń tù wọ́n nínú. Àwọn ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọn yóò rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwà rere wà fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Ayò àgbájù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti fi ayò mẹ́fà sí òdo ṣáájú, ẹ má pàṣẹ pé kí wọ́n má gbá a wọlé mọ́, nítorí pé ọmọ tí a ń ṣàánú lójú gbogbo ayé mọ̀ pé à ń ṣàánú òun, ó sì lè dùn ún ju ayò keje lọ. Ẹ dá àwọn tó ń gbá iwájú padà sẹ́yìn, kí ẹ mú aṣọ́lé wá síwájú, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá máa fi ti òsì gbá. Ijó ayọ̀ kò burú. Ohun tó burú ni kí a lọ jó o níwájú aṣọ́lé tí a gbá a wọlé fún. Ẹ kọ́ wọn pé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ ni kí wọ́n ti lọ jó. Ní ti sẹ́ẹ̀tì olówó, níbi tí àwọn ọmọ ti ń dá owó jọ kí ẹni tó bá borí lè kó o lọ, kò yẹ kó súnmọ́ ìdánrawò yín rárá.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ jìnnà sí pàṣán, sí ìkúnlẹ̀, àti sí fífò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ tó bá bú èèyàn tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ta èèyàn lẹ́sẹ̀ yóò jáde fún ìṣẹ́jú 10, yóò jókòó ti kóòṣì láìsí ìwàásù. Lẹ́yìn eré, òun àti kóòṣì yóò jọ lọ bá ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀, ọmọ náà yóò pè é lórúkọ, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe kó tó sọ pé kó má bínú. Ó máa ń nira nígbà tó bá kan ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, tó sì jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló ra jẹ́sì fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ mú un jáde bákan náà. Bí ife bá sì tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, kóòṣì ni kó dúró níwájú àwọn òbí kó sọ pé òun ló mú un jáde, kí ẹ̀bi má baà bọ́ sórí ọmọ, kí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn.