Ẹ má tìtorí hibernate sọ kọ́kọ́rọ́ dísìkì yín sí gbangba

Laptop tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí à ń lo Linux ní Abẹ́òkúta, bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́ tán tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ibẹ̀ ni hibernate ti wúlò: kọ̀ǹpútà á kó ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, á kú pátápátá, nígbà tí iná bá dé ẹ ó bá iṣẹ́ yín níbi tí ẹ fi í sí. Suspend kò lè ṣe èyí, torí RAM ṣì ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé LUKS (ètò Linux tó ń fi password ti dísìkì pa) lẹ fi ti dísìkì yín, ẹ fara balẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Hibernate kọ̀, kò ṣiṣẹ́, ni ẹnìkan bá ní kí ẹ ya swap (ibi tí Linux ń kó ohun tí RAM kò gbà sí, tí hibernate náà ń lò) sọ́tọ̀ sí partition, ìyẹn apá dísìkì, tí a kò tì. Yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn, inú RAM ni kọ́kọ́rọ́ tí LUKS fi ń ṣí dísìkì wà, RAM yìí kan náà sì ni hibernate ń kọ sílẹ̀. Ẹ ti kọ kọ́kọ́rọ́ náà sórí dísìkì tí ẹ̀ ń tì nìyẹn, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tán tó fi kọ́kọ́rọ́ há ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá jí laptop yín nínú mọ́tò ní Láfẹ́nwá kò nílò password yín mọ́. Kí ẹ má ṣe hibernate rárá sàn ju kí ẹ ṣe é báyìí.

Àwọn mìíràn ti swap, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń yí padà ni wọ́n fi tì í. Ẹ wo /etc/crypttab bóyá irú ìlà yìí wà níbẹ̀:

cryptswap /dev/sda3 /dev/urandom swap

/dev/urandom yẹn ni ọ̀ràn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ tuntun, ti àná ti lọ nìyẹn, ohun tí ẹ kó pamọ́ lálẹ́ kò sì ní ṣeé kà láàárọ̀. Kò sí àbùkù nínú ètò yìí, kò kàn bá hibernate mu ni. Èyí tí mo fẹ́ràn ni kí swap wà nínú LUKS kan náà pẹ̀lú root (ibi tí Linux fúnra rẹ̀ wà), yálà lórí LVM, ètò tó ń pín dísìkì, tàbí kó jẹ́ fáìlì. Password kan ṣoṣo á ṣí gbogbo rẹ̀.

Ẹ tẹ swapon --show nínú terminal. Tó bá jẹ́ /dev/zram0 nìkan lẹ rí, bó ti rí lórí Fedora láti ẹ̀dà 33, inú RAM ni swap yín wà, kò sì sí ibi tí a fẹ́ kó RAM sí. Ẹ wo bí swap ti tóbi tó pẹ̀lú. Ẹni tó ń ya àwòrán àdìrẹ fún àwọn ará Ìtòkú, tó ṣí Inkscape àti GIMP sórí RAM 8GB, swap 2GB kò lè gbà á. Kí swap tó RAM, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ resume= ló ń gba àkókò jù: òun lẹ fi ń sọ fún kernel (ọkàn Linux), ní ìlà rẹ̀ nínú GRUB tó ń gbé Linux dìde, ibi tí yóò ti ka ohun tó kó pamọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń lọ mú UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tí blkid kọ crypto_LUKS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn kọ́. UUID swap tó jáde lẹ́yìn tí LUKS bá ti ṣí, èyí tó wà lábẹ́ /dev/mapper, ni kí ẹ fi sí i. Tó bá jẹ́ fáìlì ni swap yín, ẹ fi UUID filesystem tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀ sí i, kí ẹ fi resume_offset= kún un. Lórí ext4, ẹ tẹ filefrag -v /swapfile, kí ẹ mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ lábẹ́ physical_offset ní ìlà 0, láìkó àmì tó tẹ̀lé e. Lórí btrfs, nọ́ńbà filefrag kò ṣeé lò. Àṣẹ btrfs inspect-internal map-swapfile -r /swapfile ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá pa fáìlì náà rẹ́ tí ẹ dá òmíràn, ẹ tún nọ́ńbà náà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ update-initramfs -u àti update-grub lórí Debian tàbí Ubuntu, kí àyípadà náà lè wọlé. Ní Arch, tó bá jẹ́ hook (ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀) encrypt lẹ̀ ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí resume wà, kí mkinitcpio -P tó tẹ̀lé e.

Tí cat /sys/power/state kò bá dárúkọ disk rárá, ẹ wo Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí a kò fọwọ́ sí gbéra nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ lockdown inú kernel (ìdènà tó máa ń bá Secure Boot rìn) ló ti hibernate pa, a jẹ́ pé gbogbo ìlà tí ẹ̀ ń tún kọ, òfo ni. Ẹ lè pa Secure Boot nínú BIOS, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ti yọ ààbò kan kúrò.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ṣe hibernate bọ́ sọ́wọ́ Linux mìíràn tàbí flash tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe, kó wá mount dísìkì yín. Bí ẹ bá jí i padà lẹ́yìn náà, ohun tó rántí kò bá ohun tó wà lórí dísìkì mu mọ́, yóò sì kọ ọ́ mọ́lẹ̀, fáìlì á bàjẹ́. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ lẹ́tà “e” ní GRUB, kí ẹ fi noresume sí òpin ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kó bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, àmọ́ dísìkì yín á wà.