Kànga Tó Gbẹ ní Kuje: Àṣìṣe Tí Ẹgbẹ́ Aláàánú Gbọ́dọ̀ Yẹra Fún

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, ẹgbẹ́ wa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan ní agbègbè Kuje, ní Abuja. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ nígbà náà. Omi tú jáde, a ya fọ́tò, a kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sára táǹkì, a sì padà sílé. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kànga ti gbẹ. Àwọn obìnrin abúlé ti padà sídìí odò, wọ́n ń fi igbá wa iyanrìn kí omi tó lè sun.

Èmi ni akápò lọ́dún yẹn. Ọwọ́ mi ni owó náà gbà jáde. Títí di òní, bí mo bá rí ẹgbẹ́ tuntun tó ń sáré kówó jọ ní Kubwa, Lugbe tàbí Karu, kànga yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti ṣì í, kí ẹ̀yin má baà gba ọ̀nà kan náà.

Àkókò la kọ́kọ́ ṣì. Nínú ẹgbẹ́ Rotary àti Lions, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó wà káàkiri àgbáyé, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ààrẹ tuntun máa ń gorí àga, ọdún kan péré ló sì ní. Àárín òjò nìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kíá ni ààrẹ á fẹ́ fi nǹkan hàn, kíá ni wọ́n á pe agbẹ́kànga. Bẹ́ẹ̀, orí àpáta ni ilẹ̀ Abuja wà. Ẹni tó bá ti wo àpáta Aso lókèèrè kò nílò àlàyé. Omi kì í wà káàkiri nísàlẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ibi tí àpáta ti sán, àti inú erùpẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lórí, ló máa ń wà. Tí òjò bá ń rọ̀, erùpẹ̀ òkè yẹn á kún, kànga tí kò jìn á sì máa tú omi bí ẹni pé kò ní gbẹ láéláé. Tí ọyẹ́ bá dé, àṣírí á tú.

Ẹ kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ẹ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójú yín, kí ẹ rí i bóyá ó ń padà. Ẹ má sì san owó tán kí èyí tó parí. Àwa san tiwa tán lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé abúlé.

Àṣìṣe kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ: a kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa lo omi. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ohun tí a sì ṣe gan-an nìyẹn. A kí mai anguwa, ìyẹn olórí abúlé, a bá ọkùnrin bíi mélòó kan sọ̀rọ̀ ní Hausa, ó parí. Ẹ̀yà Gbagyi, onílẹ̀ Abuja, ni wọ́n, àwọn obìnrin wọn ló sì ń pọn omi. Obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru ẹrù, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ìyá àgbà kan sọ fún wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ká ní a bi àwọn ni, àwọn ì bá ní ká mọ pèpéle tó ga dé àyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí èèyàn lè gbé omi bọ́ sí èjìká láìpe ẹnikẹ́ni. Pèpéle lásán! Owó rẹ̀ kò tó èyí tí a fi ra ìpápánu lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, kó rántí Kano ní 2003. Láti 1985 ni Rotary ti ń kówó jọ nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Owó wà, oògùn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé oògùn náà ń sọni di àgàn, ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá àjẹsára náà dúró títí di 2004. Àrùn gba ibẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè míì. Wọ́n ní láti lọ jókòó ti àwọn ọba àti àwọn àfáà, ilé dé ilé, kí ọ̀rọ̀ tó yí. Ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà.

Wàyí o, owó. Lions, tí Melvin Jones bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1917, ní òfin kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mú lò, títí kan ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Nyanya: àpò méjì. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá ni kí wọ́n fi jẹun, kí wọ́n fi gba ibi ìpàdé. Owó tí ará ìta bá dá, ará ìta ni kó padà sí. A yá irú owó bẹ́ẹ̀ lò rí fún ayẹyẹ ìgbàjọba ààrẹ, a ní oṣù kan ni. Oṣù mẹ́jọ ló gbà ká tó rí i dá padà, ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì ti fi wá sílẹ̀ kó tó pé.

Ẹ má jẹ́ kí owó wọ àkáǹtì akápò, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA 2020, kí ẹ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́, torí báńkì á béèrè rẹ̀. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde. Ẹ má sì fi ìlérí ṣe ìṣirò: lọ́jọ́ ìkówójọ ẹnìkan á dìde, á ní mílíọ̀nù kan ni tòun, ìlù á dún, agbaṣẹ́ṣe á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí owó tí kò tíì sí níbì kankan. Èyí tó ti wọ báńkì nìkan ni kí ẹ ná.

Ìkówójọ ní ìparí oṣù kejìlá kò dára. Gbogbo wa ti gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sílé. Ẹ yẹra fún àsìkò Jímọ̀ àti ọ̀sán Ramadan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ojú àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé ní àgọ́ wọn pẹ̀lú ìrẹsì lọ́wọ́. Ọmọ yẹn á dàgbà bá fọ́tò náà lórí Facebook.

A padà sí abúlé wa ní Kuje ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. A yẹ ilẹ̀ wò, a gbẹ́ òmíràn, a mọ pèpéle sí i. Àwọn obìnrin ló yan ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ àti owó àtúnṣe tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ ilé, ọjọ́, iye owó. Ó ti ṣí i sílẹ̀ fún mi kí n tó jókòó.