Ẹ má tíì pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì yín o: àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Owó tá à ń ná sórí dátà nílẹ̀ yìí ti pọ̀ jù ká tún máa fi àìmọ̀ kún un. Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn tó jẹ́ pé wífáì wọn ò bá ti sáré báyìí, plan tó wọ́n jù ni wọ́n á lọ rà, wọn ò sì tíì wo ibi tí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín wífáì yẹn, wà rárá. Ráútà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì mẹ́ta wà láàárín, kí ni kọ́ńpìnì fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà yẹn ná, kẹ́ ẹ ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré sí. Tó bá sáré níbẹ̀, wífáì inú ilé yín ló ń dààmú, ẹ gbé ráútà sókè sáàárín ilé. Tí ò bá sáré, ẹjọ́ wọn nìyẹn, ẹ pè wọ́n.

Ẹ má sì ro pé 10Mbps, ìyẹn iyára tí wọ́n kọ sórí plan, á gbé fáìlì 10MB wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan o. Bit ni b kékeré yẹn, byte ni B ńlá, bit 8 ló wà nínú byte 1, torí náà fíìmù 1GB á gbà tó ìṣẹ́jú 13 sí 14, ìyẹn tí gbogbo àdúgbò ò bá tíì wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ohun tí kọ́ńpìnì rà lọ́dọ̀ àwọn tó ni okùn ńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá ni wọ́n ń pín fún gbogbo yín, tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má fi ìpolówó rà á, ará ilé kejì tó ń lò ó lálẹ́ ni kẹ́ ẹ bi.

"Unlimited" ńkọ́? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fair usage sí kẹ́ ẹ tó sanwó, tẹ́ ẹ bá ti lo iye GB tó wà níbẹ̀ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín.

Ní March 14, 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, app àwọn báǹkì kan ò ṣí mọ́. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ má sáré ra síìmù míì, ó lè jẹ́ orí okùn tó já yẹn náà lòun ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì pe kọ́ńpìnì, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Tí wọn ò bá wá nǹkan ṣe sí i, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó àwọn kọ́ńpìnì yìí, lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún wọn.