Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn mi máa ń fà sí ṣúgà

Aránṣọ ni mí ní Adó-Èkìtì, lápá Òkèṣà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé òkú àgbà ló ń mówó wọlé, òun náà ló sì ń kó ìpayà bá wa. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, aṣọ ẹbí 42 ni mo gbà fún ìsìnkú kan. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kó aṣọ dé, Ọjọ́bọ̀ ni àìsùn òkú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn mo mu kóòkì 9, bisikíìtì kò sì kúrò lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn lọ, n kò lè dìde lórí àga. Gbogbo ara mi wúwo bí aṣọ tó mumi.

Mo lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó jẹun. 108 mg/dL ló jáde. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé èyí tí kò bá tó 100 ló dára, pé tó bá ti ń wọ 126, àtọ̀gbẹ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹnu ọ̀nà lẹ wà. Ẹ má wọlé.”

Ọjọ́ kejì ni mo pa kóòkì tì pátápátá. Àṣìṣe ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú, mo sì gé apá aṣọ oníbàárà kan ní òdì. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé kaféènì wà nínú kóòkì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú obì. Ẹni tó bá ti mọ́ lára, tó wá já a lójijì, orí lè fọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ni mo bá yí i padà: ààbọ̀ igò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan rárá, títí ó fi ku ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Hóró ṣúgà 4 tí mo ń jù sínú ògì di 3, ó di 2. (Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná. Ṣúgà ara yín lè lọ sílẹ̀ jù.)

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ló là mí lójú. Gbogbo ìgbà tí nǹkan dídùn bá ti ń wù mí ni mo ń kọ aago síbẹ̀. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ló pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan mo ti jẹ iyán yó, kò tíì pé wákàtí méjì, síbẹ̀ ọkàn mi ń fà sí kóòkì. Ebi kọ́ nìyẹn! Àkókò yẹn ni fóònù ń dún, “Aṣọ mi ńkọ́?”, ni wọ́n ń mú iná lọ. Nígbà tí àyà bá ń já ènìyàn, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ti ṣúgà jáde kí a lè rí agbára sá tàbí jà. Tí ìpayà náà kò bá wá tán, ara lè máa bèèrè ohun dídùn. Èmi kò sì sá lọ síbì kankan, mo jókòó ti ẹ̀rọ ni.

Nítorí náà, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ti ń jẹ ẹyin sísè kan, tàbí ẹ̀pà pẹ̀lú àgbọn, kí wákàtí burúkú náà tó dé. Láàárọ̀, ẹ̀wà ni mò ń jẹ dípò búrẹ́dì. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gbé fóònù láti aago mẹ́rin, èmi á rìn lọ sápá Fájuyì, n ó padà. Èyí tó le jù ni kí n sọ fún màmá kan tó jẹ́ oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè gba aṣọ ẹbí tí kò bá ku ọjọ́ mẹ́wàá mọ́.” Wọ́n bínú díẹ̀. Wọ́n padà wá. Èmi gbà pé òfin ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ràn mí lọ́wọ́ ju ẹ̀pà lọ.

Ohun kan ń dùn mí: bí ó bá ti rẹ ènìyàn níbí, máltì àti mílíìkì ni wọ́n ń gbé fún un, wọ́n á ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹ ka ara agolo rẹ̀. Igò ẹlẹ́rìndòdò 35cl lè ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 35, bíi ṣíbí ìpotíì 9. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2015 pé ó dára kí àgbàlagbà má kọjá bíi gíráàmù 25 lójúmọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣúgà rẹ̀ ti di 97. Ó ṣì ń rẹ̀ mí tí ìsìnkú bá sún mọ́lé, ṣùgbọ́n mo ti ra ẹní sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń sùn níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ọmọ iṣẹ́ mi á wá jí mi.