Ẹ Yé Sọ Owó Nù Nítorí Béèlì

Lọ́pọ̀ ìgbà, kí àwọn èèyàn wa ní Nyanya, Kubwa tàbí Lugbe ní Àbújá tó pe àwa lọ́yà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ti fún ọlọ́pàá lówó, wọ́n ti fún ẹnìkan tó ní òun mọ akọ̀wé kọ́ọ̀tù lówó, ọmọ wọn sì wà ní àtìmọ́lé síbẹ̀. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí owó àjọ ni, owó iléèwé ọmọ ni, òmíràn tiẹ̀ jẹ́ owó èlé.

Èkíní, ẹ má san owó béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni. Onídùúró tí wọ́n lè mọ ilé rẹ̀ ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ pé níbi tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Tí wákàtí 24 bá kọjá lórí ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ kì í ṣe ikú, òfin ACJA ti 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, gba lọ́yà láyè láti lọ béèrè béèlì ní kọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá sì mú èèyàn nítorí gbèsè lásán, tàbí wọ́n mú ìyá nítorí pé wọn ò rí ọmọ, òfin kan náà kọ̀ ọ́. Ẹ má bá wọn dúnàádúrà lórí ìyẹn rárá.

Èkejì ni iye tí adájọ́ dá. Bí adájọ́ bá ní "béèlì ₦500,000 àti onídùúró kan ní iye kan náà," kò ní kí ẹ gbé ₦500,000 wá. Onídùúró yóò fọwọ́ sí ìwé pé bí olùjẹ́jọ́ bá sá, òun yóò san iye yẹn fún ìjọba. Bí olùjẹ́jọ́ bá ń wá títí ẹjọ́ fi parí, kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò onídùúró. Mo mọ ìdílé kan ní Mararaba tó ta kẹ̀kẹ́ Màrúwà tí bàbá fi ń bọ́ wọn, torí ẹnìkan sọ fún wọn pé owó náà gbọ́dọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni náà gba owó, wọn ò rí i mọ́.

Ìgbà mìíràn wà tí adájọ́ máa ń ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀ lóòótọ́. Yóò sọ ọ́ ní gbangba, ẹ ó gba rìsíìtì, abala 165 ACJA sì ní kí wọ́n dá a padà nígbà tí ẹjọ́ bá parí. Ohun tí ẹ ń wò nínú fíìmù Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí kì í sì í dá a padà, kì í ṣe bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Lóòótọ́, òfin wa gba Adájọ́ Àgbà láyè láti fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí ẹnìkan bá ní irú rẹ̀ lòun, ẹ ní kó fi ìwé náà hàn yín.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù: onídùúró àyálò. Ọkùnrin kan yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù, aṣọ rẹ̀ mọ́, fáìlì wà lábíyá. Ó ní káàdì ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní lẹ́fẹ̀lì tí adájọ́ béèrè, ó ní ẹ̀dà C of O, ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń fún onílẹ̀, fún ilẹ̀ kan ní Gwarinpa. Ẹ san owó, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ní òun ti ń ṣiṣẹ́, kó mú ìwé ilẹ̀ lọ sí AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kí wọ́n wo orúkọ ẹni tó ni ín, kó sì lọ wo ilé tó ń gbé.

Mo ti dúró níwájú adájọ́ rí tí agbẹjọ́rò ìjọba ń ka èsì irú ìwé bẹ́ẹ̀: ọ́fíìsì náà kò mọ onídùúró wa rí. Ìdílé ló lọ yá a, wọn ò sọ fún mi. Ọmọ tí à ń retí kó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Owó ti lọ, ìwé ayédèrú sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Lára ohun tí abala 162 ACJA kà sílẹ̀ tí kọ́ọ̀tù fi lè kọ béèlì ni pé èèyàn fẹ́ ba ètò béèlì fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin lẹ fa ìwé lé wọn lọ́wọ́ láti fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kódà kí ìwé rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kò mọ ọmọ yín. Bí ẹjọ́ bá ti ń falẹ̀, yóò máa pè yín ṣáájú gbogbo ìjókòó pé òun fẹ́ owó mọ́tò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á yọwọ́. Òfin sì gba onídùúró láyè láti yọwọ́.

Bí ohun tí adájọ́ béèrè bá kọjá agbára yín, ẹ padà lọ bá adájọ́ kan náà. ACJA ní kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Abdulrasheed Maina, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó mú sẹ́nétọ̀ méjì wá, lórí ₦1 bílíọ̀nù. Kò rí wọn. Lọ́yà rẹ̀ padà lọ bẹ̀bẹ̀, ó di sẹ́nétọ̀ kan àti ₦500 mílíọ̀nù.

Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ló dúró fún un. Maina ò wá sí kọ́ọ̀tù mọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Adájọ́ Okon Abang ní kí wọ́n mú Ndume lọ sí Kuje títí yóò fi san owó tó fọwọ́ sí, ó sì lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ kó tó gba béèlì tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti wá rí Maina mú. Sẹ́nétọ̀ nìyẹn o. Ìwọ tó fẹ́ dúró fún ẹni tí ẹ jọ ń pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan, ṣé o mọ ibi tó ń sùn? Ṣé o mọ ìyá rẹ̀? Onídùúró kò ṣèlérí pé ẹni náà kò jalè, kò sì ní san gbèsè rẹ̀ tàbí ṣe ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣèlérí ni pé yóò wá. Bí ara bá ti ń fu ọ́ sí i, lọ sí kọ́ọ̀tù kí o ní o fẹ́ yọwọ́. Tó bá ti sá tán, ó ti pẹ́.

Èyí tó kù kò gùn. Obìnrin lè dúró fún èèyàn, abala 167 ACJA sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ìyá ọmọ padà.

Ẹ má fún ẹni tó ṣèlérí béèlì ẹ̀sùn ìpànìyàn ní májísíréètì tàbí Area Court ní kọ́bọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè ṣe é, ìdí pàtàkì sì gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ má bá Iléyá lọ sí Ìlọrin kí ẹ sì pàdánù ọjọ́ ìjókòó. Adájọ́ lè ní kí wọ́n wá mú yín, kó sì pe onídùúró wá sọ tẹnu rẹ̀.

Bí ẹjọ́ bá sì parí, kí ẹ tó lọ ṣe ìdúpẹ́, ẹ ní kí lọ́yà gba ìwé ilẹ̀ onídùúró àti páspọ́ọ̀tù olùjẹ́jọ́ padà lọ́wọ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Mo mọ onídùúró kan tí C of O rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì ẹjọ́ tó ti parí tipẹ́. Ó fẹ́ ta ilẹ̀ náà báyìí, akọ̀wé tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí kọ́ọ̀tù mìíràn.