Bí ẹ ṣe lè wá tirakómà lójú ọmọ ilé-ìwé

Ojú pípọ́n kọ́ la ń wá o. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀lé mi lọ sílé-ìwé ní agbègbè Ọ̀mù-Àrán nìyẹn. Tí ẹ bá ní kí tísà kó àwọn tójú ń dùn jáde, àpólò ni wọn yóò kó fún yín, pẹ̀lú àwọn tí kò fẹ́ ṣe ìṣirò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tirakómà, àrùn ojú tí kòkòrò ń fà, lè wà nínú ìpéǹpéjú ọmọ kó má mọ̀, kí ìyá rẹ̀ náà má fura. Ìwé orúkọ kíláàsì ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ wo gbogbo wọn.

Lóòótọ́, Òkè Ọya ló ti gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà: Kánò, Jígáwá, Kàtsínà, Sókótó. Orílẹ̀-èdè Benin tó bá Kwara pààlà ti borí rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde rẹ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n èèyàn ń rìn, ọmọ ń bá òbí rìn. Ọwọ́, aṣọ ìnujú àti eṣinṣin ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ láti ojú dé ojú. Bó bá ń padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìpéǹpéjú á di àpá, á sún kì, irun rẹ̀ á yí sínú, á máa ha ẹyinjú títí ojú á fi fọ́.

Ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ fi yé wọn pé kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Bí ọmọ kan bá gbé e délé pé "wọ́n fẹ́ yí ojú wa dà," ìdajì kíláàsì lè má wá lọ́jọ́ kejì.

Gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, tọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ tàbí spírítì, ó tó. Ẹ gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irun ìpéǹpéjú ń kan ẹyinjú. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀tún ṣáájú: "Wo bàtà rẹ, má wò mí." Bó ṣe ń wolẹ̀ yẹn, ẹ rọra di irun ìpéǹpéjú òkè mú, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi igi òwú tí wọ́n fi ń nu etí kan òkè ìpéǹpéjú náà, kí ẹ sì yí i síta. Ẹ má tẹ ẹyinjú. Tí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ ní kó wòkè, á padà sáyè rẹ̀. Ẹ wá wo òsì.

Àárín inú ìpéǹpéjú tí ẹ yí síta ni kí ẹ wò, kì í ṣe etí rẹ̀. Kókó róbótó tó funfun díẹ̀, bíi hóró gàrí, ni ẹ ń wá. Ó gbọ́dọ̀ tó márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà ó kéré tán. Àmì kejì ni pé kí inú ìpéǹpéjú wú débi pé ẹ kò rí ju ìdajì iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Ohun tó ń tan ni jẹ lọ́dọ̀ wa ni ojú yíyún, èyí tí ọmọ fi ń ra ojú ṣáá. Kókó tirẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fún mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì yọ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti tirakómà, ẹ̀gbẹ́ kókó ni iṣan ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ ní tirakómà.

Ẹ fọ ọwọ́ láàárín ọmọ kan sí òmíràn. Mi ò gba àwáwí lórí ìyẹn, ìbáà jẹ́ pé aago ìpadàlé ti lù.

Ọmọ tí ẹ bá rí i lójú rẹ̀, oògùn azithromycin ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mílígíráàmù 20 fún kílò kan nínú ìwọ̀n ara rẹ̀, tàbí ìpara ojú tetracycline ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà ojú ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa fọ ojú ọmọ mọ́, kí igi tìróò kan ṣoṣo má sì máa gba ojú gbogbo ilé kọjá.

Ẹ má fi iye tí ẹ rí nílé-ìwé ṣe iye ìlú. Àwọn ọmọ ọdún 1 sí 9 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà, ojúlé dé ojúlé, kí àwọn tó ní in má tó ìdá 5 nínú 100 ni ààlà wọn, torí àwọn tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ àti àwọn tí kò lọ rárá ló sábà máa ń ní in jù. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ náà pé àbúrò mélòó ló wà nílé, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ wọn.